Ìbọn ẹlẹ́nu méjì àtijọ́: ẹ wo abẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó gba orúkọ rẹ̀ gbọ́

Ẹnìkan jogún ìbọn ẹlẹ́nu méjì. Ó nù ún, ó rí i pé wọ́n fín "W. Richards" sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó wá orúkọ náà lórí fóònù rẹ̀, ó sì bá Westley Richards pàdé, ilé iṣẹ́ ìbọn ńlá tó ti wà ní Birmingham láti 1812. Owó tó rí níbẹ̀ tó kọ́lé. Láti ọjọ́ náà ló ti ń sọ fún gbogbo ẹbí pé ìyà ti tán. Irú àṣìmọ̀ yìí pọ̀ ní Amẹ́ríkà ju ibikíbi lọ, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n kó àwọn ìbọn olórúkọ bẹ́ẹ̀ lọ tà ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, àwọn ọmọ wa tó wà lọ́hùn-ún, tó máa ń ra ẹrù àtijọ́ ní gbàǹjo, kò sì yọ sílẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé kò le rárá. Nínú gbogbo ohun tó wà lára ìbọn àtijọ́, orúkọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló yẹ kí ẹ gbà gbọ́ kẹ́yìn. Abẹ́ ọ̀pá rẹ̀, níbi tí ojú kì í dé, ni òótọ́ wà.

Irú ìbọn wo gan-an là ń sọ?

Ìbọn ìṣọdẹ ni, ọ̀pá méjì tó jókòó ti ara wọn lórí ìdí onígi kan ṣoṣo. Inú ọ̀pá náà ń dán gbọrọrọ, kò ní ìlà tó ń yípo bíi ti ràìfù, ọta wẹ́wẹ́ ló sì ń tú jáde. Ẹyẹ tó ń fò àti ẹran kéékèèké tó ń sáré ni wọ́n ṣe é fún. Ìdí tó fi jẹ́ méjì kò ju pé bí ọdẹ bá fi àkọ́kọ́ tàsé, èkejì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Kì í ṣe ṣakabùlà. Ẹnu ni wọ́n ti ń ki ṣakabùlà: wọ́n á da ẹ̀tù sí i, wọ́n á kó ọta sí i, wọ́n á fi ọ̀pá gún un mọ́lẹ̀. Òótọ́ ni pé àwọn ìbọn ẹlẹ́nu méjì tó kọ́kọ́ lórúkọ, bíi ti Joseph Manton ní London, ẹnu náà ni wọ́n ti ń kì wọ́n. Ṣùgbọ́n èyí tí ọ̀pọ̀ wa máa bá pàdé lónìí máa ń ṣẹ́ po láti ìdí ọ̀pá. Ẹ ó ti ọwọ́ irin kan sí ẹ̀gbẹ́, ẹnu rẹ̀ á dorí kodò, ẹ ó ti kátíríìjì méjì bọ ìdí rẹ̀, ẹ ó pa á dé. Ẹni tó bá mọ ìtàn ogun Kírìjì mọ ohun tí kíkì láti ìdí lè fà: nígbà tí irú ìbọn bẹ́ẹ̀ gba Èkó dé ọwọ́ Èkìtìparapọ̀, ogun náà yí padà mọ́ Ìbàdàn lójú. Ràìfù ni tiwọn o, kì í ṣe ẹlẹ́nu méjì, ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan náà ni.

Kí lẹ máa ṣe kí ẹ tó wo ohunkóhun?

Ẹ gbà pé ìbọn náà ti kún. Ẹ kọ ẹnu rẹ̀ síbi tí kò sí ènìyàn, ẹ má fi ìka kan ibi tí a ń fà, ẹ ṣí i, kí ẹ sì wo ọ̀pá méjèèjì láti ìdí.

Bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń kì láti ẹnu, wíwò kò tó. Ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́, ẹ ti igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan wọ inú rẹ̀ títí yóò fi dúró, ẹ sàmì sí igi náà níbi tó bá ẹnu ìbọn dé. Ẹ yọ ọ́, ẹ fi wọn ìta ọ̀pá. Bí kò bá gùn dé ìdí, nǹkan wà nínú rẹ̀, ó sì lè jẹ́ ẹ̀tù tí ẹnìkan kì síbẹ̀ kí wọ́n tó bí bàbá yín. Ẹ̀tù dúdú tí omi kò kàn kì í kú. Ẹ fi sílẹ̀ fún oníṣẹ́ ìbọn.

Ta ló ni orúkọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀?

Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìlú Liège ní Bẹ́ljíọ̀mù ń rọ ìbọn fún gbogbo ayé. Àwọn oníṣòwò Amẹ́ríkà tó ń ta irinṣẹ́ oko máa ń ránṣẹ́ síbẹ̀ fún ìbọn olówó pọ́ọ́kú, orúkọ tí oníbàárà bá sì fẹ́ ni wọ́n ń fín sí i. Àwọn kan fẹ́ orúkọ tó jọ ti ilé iṣẹ́ ńlá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ "W. Richards" ti wá. Ibẹ̀ náà ni "J. Manton" tí à ń rí lára ìbọn tó ń lo kátíríìjì ìgbà tiwa ti wá, bẹ́ẹ̀ Joseph Manton ti kú láti 1835, kí irú kátíríìjì bẹ́ẹ̀ tó dáyé. Òkú kì í rọ ìbọn.

Ẹ má kàn pe gbogbo rẹ̀ ní ayédèrú. Ilé iṣẹ́ Crescent ní ìlú Norwich, ìpínlẹ̀ Connecticut, rọ ìbọn rẹpẹtẹ tó jẹ́ pé orúkọ ilé ìtajà tó rà á ni wọ́n fín sí i, gẹ́gẹ́ bí ilé ìtajà ńlá òde òní ṣe ń fi orúkọ ara rẹ̀ ta ìrẹsì tí kò gbìn. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, ọ̀pọ̀ oníṣòwò ìbọn ní ìlú kéékèèké ni Birmingham ń bá ṣe ìbọn, tí orúkọ wọn sì wà lára rẹ̀. Ìbọn gidi ni púpọ̀ nínú wọn. Ohun tí orúkọ ẹ̀gbẹ́ sábà máa ń sọ ni ẹni tó tà á. Ẹni tó rọ ọ́ lè jẹ́ ẹlòmíràn pátápátá.

Kí ni àwọn òǹtẹ̀ abẹ́ ọ̀pá ń sọ?

Ìbọn tí kò dára lè bẹ́ mọ́ ẹni tó ń yìn ín lójú. Nítorí èyí ni àwọn ìlú tí iṣẹ́ ìbọn ti gbilẹ̀ ní Yúróòpù fi dá ilé ìdánwò sílẹ̀. Wọ́n á ki ìbọn tuntun ní ẹ̀tù tó ju èyí tí ọdẹ máa lò lọ, wọ́n á yìn ín láti ọ̀nà jíjìn. Bí kò bá là, tí kò wú, wọ́n á lu òǹtẹ̀ sí i lára. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ìbọn London ti gba àṣẹ ọba láti 1637. Òfin ìdánwò ti wà ní Liège láti 1672. Ilé ìdánwò ti Birmingham bẹ̀rẹ̀ ní 1813. (Birmingham àti Liège yìí kan náà ló tún ń rọ ìbọn tí wọ́n ń kó wá sí etíkun wa, láyé òwò ẹrú àti lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.)

Kí ẹ tó lè rí òǹtẹ̀, ẹ yọ igi kékeré tó wà lábẹ́ ọ̀pá, ẹ ṣẹ́ ìbọn náà po, ẹ gbé ọ̀pá méjèèjì kúrò lára ìdí, kí ẹ dà wọ́n dé. Ibi pẹlẹbẹ tó wà nítòsí ìdí ọ̀pá ni òǹtẹ̀ máa ń wà. Bí ìdọ̀tí bá bò ó, òróró díẹ̀ àti búrọ́ọ̀ṣì eyín tó.

Bí ẹ bá rí ELG nínú òbìrí tó gùn díẹ̀, Liège nìyẹn, ọ̀rọ̀ "W. Richards" sì ti tán. Láti 1893 ni wọ́n ti fi adé lé òbìrí náà lórí, nítorí náà ELG tí kò ládé ti pẹ́ ju ọdún yẹn lọ. Ẹ tún lè rí òpó kékeré kan tó dúró lórí àtẹ̀gùn. Àmì ìlú Liège ni, láti 1853. Ti Birmingham títí di 1904 ni ọ̀pá àṣẹ méjì tó dábùú ara wọn, adé lókè, lẹ́tà BPC tàbí V nísàlẹ̀. Ti London ni adé lórí G àti P tó so kọ́ra, pẹ̀lú adé mìíràn lórí V. Adé lórí U jẹ́ ti Jámánì.

Bí kò bá sí òǹtẹ̀ kankan ńkọ́? Ó lè jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà. Ìjọba ibẹ̀ kò dá ilé ìdánwò sílẹ̀, ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń dán ìbọn tirẹ̀ wò. Parker ti ìlú Meriden, L.C. Smith, Lefever, Ithaca àti A.H. Fox ti Philadelphia ni àwọn orúkọ tó wúwo níbẹ̀. Orúkọ wọn àti nọ́ńbà ìbọn ni kí ẹ wá.

Lẹ́bàá òǹtẹ̀, nọ́ńbà kékeré kan máa ń wà, 12 lọ́pọ̀ ìgbà, nígbà mìíràn 16 tàbí 20. Àwọn ènìyàn máa ń rò pé bí nọ́ńbà bá ṣe tóbi ni ìbọn ṣe tóbi. Òdìkejì rẹ̀ ni. Ká ní ẹ yọ́ òjé ìwọ̀n pọ́n-ùn kan, tí ẹ pín in sí ọta róbótó 12 tó dọ́gba: ọta tó gba inú ọ̀pá "12" gẹ́ẹ́ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bí ẹ bá pín in sí 20, ọta á kéré sí i, ọ̀pá náà á sì tẹ́ẹ́rẹ́ sí i.

Gbólóhùn méjì mìíràn wà tó yẹ kí ẹ mọ̀. Bí ẹ bá rí NOT FOR BALL lára ìbọn Gẹ̀ẹ́sì, láàárín 1875 sí 1887 ni wọ́n lù ú. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé wọ́n ti fún ẹnu ọ̀pá pọ̀ díẹ̀ kí ọta wẹ́wẹ́ má bàa tètè fọ́n ká, ọta róbótó ńlá kò sì gbọdọ̀ gba ibẹ̀ kọjá. NITRO PROOF tàbí NP ní tirẹ̀ sọ pé wọ́n ti fi ẹ̀tù ìgbàlódé, èyí tí kì í rú èéfín, dán an wò. A óò padà sórí èyí.

Ọdún tí wọ́n kọ sí i ńkọ́, ṣé kì í ṣe ọjọ́ orí rẹ̀?

Rárá. Ọdún tó wà lára ìbọn, pàápàá ti Amẹ́ríkà, sábà máa ń jẹ́ ọdún tí ìjọba fún ẹni tó dá àrà kan sílẹ̀ ní ìwé pé ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ da á kọ láìgba àṣẹ. Ìbọn tí wọ́n kọ 1875 sí lára lè ti jáde ní 1900.

Bí wọ́n ṣe ṣe ìbọn náà ló máa ń tú àṣírí ọjọ́ orí rẹ̀. Bí irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan bá ń yọrí jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ kátíríìjì, tí òòlù ìbọn ń lù ú láti òkè, àrà tí Casimir Lefaucheux dá ní Paris ní nǹkan bí 1835 ni. Gẹ̀ẹ́sì kò kà á sí títí wọ́n fi rí irú rẹ̀ níbi àfihàn ńlá tó wáyé ní London ní 1851. Láàárín ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà ni kátíríìjì tí wọ́n ń lù láàárín ìdí bẹ̀rẹ̀ sí gba ipò rẹ̀, òun náà la ń lò dòní. Ní 1875, William Anson àti John Deeley, tí wọ́n jẹ́ òṣìṣẹ́ Westley Richards, kó òòlù méjèèjì pamọ́ sínú ìbọn, wọ́n sì ṣe é kí ọ̀pá fúnra rẹ̀ máa fà wọ́n sẹ́yìn nígbà tó bá ń dorí kodò. Ìbọn tí kò ní òòlù lóde pẹ̀lú ètò yìí kò lè dàgbà ju 1875 lọ. Ẹ ṣọ́ra o, òdìkejì rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀: wọ́n ṣì ń ṣe ìbọn olóòlù gbangba fún àwọn àgbẹ̀ tí owó wọn kò pọ̀ títí wọ ọ̀rúndún ogún.

Bí orúkọ orílẹ̀-èdè bá wà lára rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, tó sì jẹ́ ọjà tí wọ́n kó lọ sí Amẹ́ríkà, ó ṣeé ṣe kó ti jáde lẹ́yìn 1890, nítorí òfin owó orí ọjà ọdún náà ló sọ ọ́ di dandan.

Kí ni àwòrán tó ń lọ́ káàkiri ara ọ̀pá?

Ibí ni mo ti fẹ́ pẹ́ díẹ̀, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ tó jinlẹ̀ jù lára àwọn ìbọn yìí ni, òun sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń yọ́ ha dànù pẹ̀lú ìwé ìhagi. Bí ẹ bá gbé ọ̀pá àtijọ́ síbi ìmọ́lẹ̀, ẹ lè rí ìlà wẹ́wẹ́ tó ń lọ́, tó ń ká, tó ń padà wá bá ara rẹ̀ láti ìdí dé ẹnu. Ọ̀pá Damásíkù ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n àwọn alágbẹ̀dẹ àfonífojì odò Vesdre, lẹ́bàá Liège, ló rọ ọ̀pọ̀ rẹ̀, àwọn míì nínú wọn nínú àgbẹ̀dẹ tó wà nílé ara wọn.

Wọ́n á to irin rírọ̀ àti irin líle lé ara wọn ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, wọ́n á fi iná àti òòlù sọ wọ́n di ọ̀kan, wọ́n á fà á gùn di ọ̀pá tín-ín-rín. Wọ́n á di ìdí rẹ̀ mú, wọ́n á máa lọ́ orí rẹ̀ nígbà tó ṣì ń pọ́n nínú iná. Irú ọ̀pá lílọ́ bẹ́ẹ̀ méjì, mẹ́ta, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n á tún lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ara wọn kó lè di irin pẹlẹbẹ gígùn kan. Èyí ni wọ́n ń wé yí irin gbọọrọ mìíràn ká, tí wọ́n ń lù títí ojú ìsopọ̀ á fi pòórá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbẹ́ inú rẹ̀, wọ́n á ha ìta rẹ̀. Púpọ̀ nínú irin tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ máa ń ṣòfò sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó parí. Níkẹyìn, wọ́n á fi oògùn tó ń jẹ irin pa á lára. Irin rírọ̀ àti irin líle kì í gba oògùn náà bákan náà, ìyàtọ̀ àwọ̀ wọn ló sì di àwòrán. Bí ọ̀pá lílọ́ inú rẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni àwòrán ṣe máa ń kúnná tó.

Ayédèrú rẹ̀ náà wà. Àwọn ilé iṣẹ́ kan máa ń tẹ àwòrán Damásíkù sára ọ̀pá lásán. Ẹ wo ibi tí igi abẹ́ ọ̀pá máa ń bò. Bí àwòrán bá dópin lójijì níbẹ̀, tàbí tó parẹ́ níbi tí nǹkan ti ha á, ojú lásán ni. Ti gidi wọ inú irin lọ.

Ohun tó pa iṣẹ́ yìí ju ẹyọ kan lọ. Irin tí wọ́n yọ́ tí wọ́n sì tẹ̀ mọ́ra, irú èyí tí Joseph Whitworth dá sílẹ̀ ní Manchester, rọrùn ju èyí tí wọ́n ń wé lọ, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá sì bẹ̀rẹ̀ sí lò ó láti nǹkan bí 1880. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Jámánì gba Liège ní oṣù kẹjọ ọdún 1914, iṣẹ́ ọ̀pá Damásíkù fọ́n ká, kò sì padà sí bó ṣe wà mọ́.

Ṣé a lè yìn ín? Ẹ má ṣe é. Ẹ̀tù dúdú ni wọ́n rọ ọ̀pọ̀ wọn fún, agbára ẹ̀tù òde òní sì yàtọ̀. Ìpẹtà lè ti wọ àárín ojú ìsopọ̀ níbi tí ojú kò lè rí. Èyí tó léwu jù ni pé ihò kátíríìjì àwọn ìbọn àtijọ́ sábà máa ń kúrú, íǹṣì méjì àbọ̀, nígbà tí kátíríìjì òde òní gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn tí ẹnu rẹ̀ bá ti ṣí. Yóò wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, kò ní fi hàn pé kò yẹ, ìgbà tí ẹ bá yìn ín ni yóò dí ọ̀nà. Àwọn kan wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ní òǹtẹ̀ NITRO PROOF, tí àwọn olówó wọn ṣì ń yìn. Oníṣẹ́ ìbọn tó ní ohun ìwọ̀n ló wọn ìnípọn ọ̀pá wọn kó tó rí bẹ́ẹ̀.

Báwo la ṣe ń mọ èyí tó dára ju ara wọn lọ?

Ẹ má tètè wo iṣẹ́ ọnà tí wọ́n fín sí i. Ẹ̀rọ lè tẹ òdòdó sára irin burúkú. Ẹ wo ibi tí igi ti pàdé irin. Nínú ìbọn gidi, irun kò ní ráyè kọjá níbẹ̀. Ẹ wo orí àwọn ìdè: ilé iṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ máa ń jẹ́ kí ojú gbogbo wọn kọ sí ọ̀nà kan náà. Ẹ pa á dé, kí ẹ gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń yọ láàárín ìdí ọ̀pá àti ara ìbọn, ó ti gbó.

Ẹ tún wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí àwo irin gígùn kan bá wà ní ọ̀tún àti òsì, tí ẹ̀rọ ìyìnbọn so mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, sidelock ni, òun ló sábà máa ń wọ́n jù. Ètò Anson àti Deeley tí a mẹ́nu bà lókè ni boxlock, ó lágbára, kò sì ní wàhálà. Ẹ ṣọ́ra, àwọn kan máa ń de àwo irin òfìfo mọ́ ẹ̀gbẹ́ boxlock kó lè jọ èkejì. Ní ti ọgbọ́n inú ẹ̀rọ, èyí tí Frederick Beesley gbàwé àṣẹ rẹ̀ ní 1880, tí Purdey, ilé iṣẹ́ ìbọn kan ní London, rà lọ́wọ́ rẹ̀, ló wù mí jù. Ìgbà tí ẹ bá ń pa ìbọn náà dé ni sípíríǹgì rẹ̀ ń gba agbára, nítorí náà bí ẹ bá ti ọwọ́ irin rẹ̀ báyìí, òun fúnra rẹ̀ á ṣí.

Bí ẹ bá gbà pé nǹkan gidi lẹ ní, ẹ má ha á, ẹ má kùn ún, ẹ má dán ìdí rẹ̀ pẹ̀lú fáníìṣì tuntun. Àwọ̀ tó ti ṣí díẹ̀ ṣùgbọ́n tó jẹ́ ti ìpilẹ̀ níyì lójú àwọn tó ń rà á ju títún-kùn lọ. Purdey, Holland & Holland àti Westley Richards ṣì ní ìwé àkọsílẹ̀ ìbọn tí wọ́n ṣe láyé ọjọ́un, nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ ni wọ́n máa bi yín. Ní ti ìbọn Liège tí wọ́n ń tà pẹ̀lú ọkọ́ àti àdá, owó àtúnṣe rẹ̀ sábà máa ń ju owó rẹ̀ lọ. Bó bá jẹ́ ti bàbá yín, ẹ fi ìrántí ṣe iye rẹ̀.

Ṣé ogbó rẹ̀ yọ ọ́ kúrò lábẹ́ òfin?

Ó yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn. Lójú òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ìbọn tí wọ́n ṣe ní 1898 tàbí ṣáájú rẹ̀ jẹ́ ohun àtijọ́, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ lè ní òfin tirẹ̀. Ní Bìrìtìkó, ìbọn 12 tó ń lo kátíríìjì tí wọ́n ṣì ń tà nílò ìwé àṣẹ, ìbáà ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún.

Ní Nàìjíríà, abẹ́ òfin ìbọn tó ti wà láti 1959 la wà. Ẹni tó bá fẹ́ ní ìbọn ẹlẹ́nu méjì lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ, ìwé tí wọ́n fún bàbá kì í sì di ti ọmọ. Nítorí náà, ẹ má gbé e sẹ́yìn mọ́tò láti fi han ẹni tó ní òun fẹ́ rà á. Ẹ kọ́kọ́ bá agbẹjọ́rò sọ̀rọ̀. Ẹni tó mọ ìbọn kò nílò ju fọ́tò lọ: ọ̀kan fún òǹtẹ̀ abẹ́ ọ̀pá, ọ̀kan fún nọ́ńbà, ọ̀kan fún ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ìbọn náà á sì wà níbi tó wà.